Ìtàn Irú Ṣíṣe ní Ìlọrin, àti Ẹ̀dá Inú Rẹ̀ Tí Iná Kò Lè Pa

Bí a bá ń ka àwọn ohun tí ó sọ Ìlọrin di ìlú ńlá, Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, àwọn òpìtàn a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin àti ọ̀kọ̀, wọn a dé orí àwọn àáfà àti ilé kéwú, wọn a sì kan àwọn ahunṣọ àti àwọn amọ̀kòkò tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kárí ilẹ̀ Yorùbá; ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí òpìtàn kan tó yà sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí àwọn ìyá wa ti ń dáná sábẹ́ ìkòkò irú láti àṣálẹ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ irú jẹ́ iṣẹ́ àtayébáyé, òwò rẹ̀ gba ọ̀pọ̀ ìlú kọjá, ó sì ní àṣírí kan nínú tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Òyìnbó kò rídìí rẹ̀ títí di ọdún 1876. Àṣírí náà ni pé ẹ̀dá kan ń bẹ tí ojú lásán kò lè rí, tí a lè sè kí ó má kú, nítorí pé ṣe ni ó ń sùn nígbà ìpọ́njú, tí ó sì ń jí nígbà tí ara bá tù ú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn irú délẹ̀ yóò mọ ìdí tí dókítà fi ń kìlọ̀ fún aláìsàn pé kí ó má ṣe dá oògùn dúró kìkì nítorí pé ara rẹ̀ ti ń yá.

Ẹni tí ó ń gbé àdúgbò Basin ní Ìlọrin lónìí, tí ó ń rí ilé alájà, títì ọlọ́dà àti ṣọ́ọ̀bù lọ́tùn-ún lósì, lè ṣàìmọ irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kí ìlú tó fẹ̀ dé ibẹ̀. Orúkọ tí à ń pe àdúgbò náà wá láti ara ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó omi ìsàlẹ̀ odò Ọya, Lower Niger River Basin Development Authority, èyí tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìn odi Ìlọrin láyé àtijọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn ni, níbi tí igi kì í ti í fún mọ́ra bíi ti igbó Ìjẹ̀bú tàbí ti Oǹdó, tí koríko sì ń gbẹ láàárín ọyẹ́ tí iná ọdẹ fi ń jó o. Igi méjì ni àgbẹ̀ ibẹ̀ kì í fi àáké kàn bí ó bá ń ṣán oko: èkíní ni ẹ̀mí, igi olóròóró tí ń fún wa ní òrí, èkejì ni irúgbá, igi abẹ̀ka gbọọrọ, tí ó ń so èso rẹ̀ ní ìdì-ìdì nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, tí ebi sì ń pa ilé, kí èso oko tuntun tó jáde. Ọmọdé a máa lá ìyẹ̀fun aláwọ̀ rúsúrúsú tí ó wà nínú èèpo rẹ̀, olóògùn a máa bọ́ èèpo igi rẹ̀ fún àgbo, ṣùgbọ́n èso dúdú kékeré tí ó wà ní àárín ìyẹ̀fun náà ni ó sọ igi yìí di ọba láàárín igi ọ̀dàn, nítorí òun ni à ń sè di irú.

Ìwé ìrìnàjò àwọn Òyìnbó jẹ́rìí sí i pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ó wọ ilẹ̀ Haúsá ní nǹkan bí ọdún 1824, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe èso igi yìí títí tí yóò fi rà, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń mọ ọ́n ní ìṣù tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Ọkùnrin yìí kan náà ni ó tún gba ilẹ̀ Yorùbá wọ Ọ̀yọ́ Ilé ní ọdún 1826, nígbà tí ìlú náà kò tí ì tú. Ṣáájú rẹ̀ ni Mungo Park ti mẹ́nu ba igi náà nínú ìrìnàjò tirẹ̀ sí ìhà odò Ọya, kí ó tó bá odò yìí kan náà lọ ní Bussa ní ọdún 1806, ní agbègbè tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara títí di ọdún 1991. Nígbà tí Robert Brown, onímọ̀ nípa ewéko, fẹ́ fún igi irúgbá àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ní ọdún 1826, Parkia ni ó pè é, ní ìrántí Park. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó kú sínú odò wa ṣe so mọ́ igi tí ó wà lóko wa, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n mọ bí a ti ń sọ èso rẹ̀ di oúnjẹ, kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn sílẹ̀.

Ìlọrin ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú tí ọjà yìí kò lè ṣàìgbà kọjá. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1801, lẹ́yìn tí Àfọ̀njá, olórí ìlú náà, ti lọ tí ìlú sì ti di ti àwọn ọmọ àáfà Álímì, Ìlọrin ni ẹnubodè tí ilẹ̀ Haúsá àti ilẹ̀ Yorùbá ti ń pàdé. Àwọn oníṣòwò a máa tẹ̀lé ara wọn láti òkè wá pẹ̀lú kánún, ẹṣin àti awọ, wọn a sì sọ ẹrù kalẹ̀ ní Gàm̀bàrí, kí wọ́n tó ra obì padà. Yorùbá, Fúlàní, Haúsá, Nupe, Kànúrí àti Bàrùbá ni ó ń gbé inú ìlú kan náà; èdè wọn yàtọ̀, aṣọ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá ń hó, òórùn kan náà ni ó ń jáde nínú ìkòkò gbogbo wọn, yálà Yorùbá ni ó pè é ní irú tàbí Haúsá ni ó pè é ní dawadawa. Títí dé ilẹ̀ Fọ̀n ní Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní afitin, àti títí dé Mali àti Burkina Faso tí wọ́n ti ń pè é ní sumbala, ohun kan náà ni, ọwọ́ obìnrin sì ni iṣẹ́ náà wà níbi gbogbo.

Iṣẹ́ náà kò ṣeé kánjú ṣe. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ ìyẹ̀fun kúrò lára èso, tí wọ́n sì ti sá a gbẹ, wọn a da èso líle náà sínú ìkòkò ńlá, wọn a bomi sí i, wọn a sì koná mọ́ ọn fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí èèpo rẹ̀ yóò fi rọ̀. Nígbà tí ó bá tutù díẹ̀, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n rọra gún un nínú odó, àwọn mìíràn a sì bu eérú tàbí yanrìn sí i kí èèpo lè tètè bó. Wọn a gbé e lọ sódò, wọn a fọ̀ ọ́ nínú ajere títí èèpo yóò fi bá omi lọ, tí kóró inú rẹ̀ nìkan yóò sì kù. Wọn a tún dá a padà sórí iná fún wákàtí kan tàbí méjì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ iná parí sí. Wọn a sẹ́ omi rẹ̀ nù, wọn a da kóró náà ní gbígbóná sínú igbá tàbí agbọ̀n tí wọ́n ti tẹ́ ewé sí, wọn a fi igbá mìíràn dé e, wọn a fi àpò bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò ti ní í fẹ́ sí i, wọn a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, kóró tí ó le tí kò sì lóòórùn ti di ohun mìíràn: ó ti rọ̀, ó ti dúdú sí i, ó ń fà yọ̀ọ̀ bí a bá fi ìka kàn án, ara rẹ̀ gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ lórí iná, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo agboolé kan. Wọn a wá fi iyọ̀ sí i kí ó má bàa bàjẹ́. Èyí tí kóró rẹ̀ ṣì dá dúró ni irú wooro. Èyí tí wọ́n sè ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n sì fọ́ pọ̀ ni irú pẹ̀tẹ̀.

Kí ni ó wá sọ kóró di irú? Ẹ kíyè sí i pé àwọn ìyá wa kò fi ìwúkàrà kankan sí i. Iná tí wọ́n sì dá sábẹ́ ìkòkò dà bí èyí tí ó tó láti pa ohunkóhun tí ó bá ní ẹ̀mí nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ohun kan ń bẹ láàyè nínú igbá náà, nítorí kóró sísè lásán kì í fúnra rẹ̀ gbóná. Àwọn àgbà mọ ìṣe ohun náà láìrí i: wọ́n mọ̀ pé ó fẹ́ ooru, wọ́n mọ̀ pé kò fẹ́ kí a máa ṣí i wò kiri, wọ́n sì mọ̀ pé igbá àti agbọ̀n tí ó ti gba irú àná ni irú òní ń dára nínú rẹ̀. Ìmọ̀ ni èyí, ìmọ̀ tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ fún ìran dé ìran, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú ìwé.

Ní ọdún 1876 ni Ferdinand Cohn, onímọ̀ ọmọ Jámánì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Breslau, rí ìdáhùn ìbéèrè yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbọ́ nípa irú rí. Omi koríko gbígbẹ ni ó ń sè. Ó rí i pé lẹ́yìn tí ó ti sè é, tí gbogbo kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ ti kú, oríṣi kan a tún máa hù jáde: èyí tí à ń pè ní Bacillus subtilis. Nígbà tí ó fi awò amúhuntóbi wò ó, ó rí i pé kòkòrò náà ní ohun róbótó kan tí ń dán nínú ara rẹ̀, ohun náà sì ni sísè lásán kò lè pa. Ní ọdún kan náà ni Robert Koch fi hàn pé kòkòrò tí ń fa àrùn anthrax, èyí tí ń pa màlúù, ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀, tí ó fi lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láìkú.

Bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí oúnjẹ bá ń tán, tí ìyà sì ń jẹ kòkòrò náà, yóò pín ara rẹ̀ sí méjì tí kò dọ́gba. Apá tí ó tóbi, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìyá, yóò gbé apá kékeré mì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da èèpo bò ó ní ìpele-ìpele. Omi inú ọmọ náà yóò dín kù títí iṣẹ́ ara rẹ̀ yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó bá sì tó bíi wákàtí mẹ́jọ, ìyá yóò fọ́, yóò parun, ọmọ yóò sì jáde nínú òkú rẹ̀ pẹ̀lú ìhámọ́ra tí iná, ọ̀dá àti oògùn kò lè tètè wọ̀. Bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Kì í jẹun, kì í dàgbà, kì í pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kò kú. Bí omi àti oúnjẹ bá tún kàn án lára, yóò jí, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lákọ̀tun. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù lọ ni pé gbígbóná tí kò tó láti pa á a máa mú kí ó tètè jí, tí ó fi jẹ́ pé iná tí ó pa gbogbo abánidíje rẹ̀ nínú ìkòkò irú ni ó tún pè é jí láti wá jogún oúnjẹ wọn.

Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀mọ̀wé S. A. Ọdúnfá tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní ọdún 1981 lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń bẹ nínú irú, ó sì fi hàn pé Bacillus subtilis ni ọ̀gá wọn. Òun ni ó ń fọ́ èròjà amáradàgbà inú kóró sí wẹ́wẹ́, tí adùn fi ń jáde. Òun ni ó ń mú igbá gbóná. Òun ni ó ń fa òórùn náà. Àwọn tí wọ́n wádìí afitin ní Benin àti sumbala ní Burkina Faso bá ẹ̀dá kan náà níbẹ̀. Ohun tí àwọn ìyá wa ti ń fi ìkòkò àti igbá ṣe nìyí: wọ́n fi iná lé gbogbo àlejò jáde, wọ́n sì dá ilé sílẹ̀ fún onílé tí ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí á wá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí kúrò nídìí ààrò dé ilé ìwòsàn, nítorí ọ̀nà kan náà ni. Ní ọdún 1877, John Tyndall, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí ó ń ṣiṣẹ́ ní London, wá ọgbọ́n tí a fi lè borí ẹ̀dá tí ń sùn yìí. Kò mú kí iná pọ̀ sí i. Ó ní kí a sè é lónìí, kí a fi í sílẹ̀ kí àwọn tí ó sùn lè jí, kí a tún sè é lọ́la, kí a sì tún sè é lọ́túnla. Èyí tí ó bá ti jí ti bọ́ ìhámọ́ra sílẹ̀, ó sì ti di ẹni tí iná lè pa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ọdún 1944, nígbà tí oògùn penicillin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, tí gbogbo ènìyàn sì ń yọ̀ pé ikú ti bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò, Joseph Bigger ti Trinity College ní Dublin rí ohun kan tí ó mú kí ó rántí Tyndall. Ó da penicillin sí kòkòrò tí ń fa eéwo àti egbò kíkẹ̀, èyí tí à ń pè ní staphylococcus, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan kò kú. Nígbà tí ó mú àwọn tí ó yè yìí tí ó sì jẹ́ kí wọ́n bí ọmọ, penicillin pa àwọn ọmọ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti pa àwọn tí ó kú ṣáájú. Wọn kò tí ì di alágbára tí ń bá oògùn jà. Ṣe ni wọ́n sùn. Penicillin a máa ba ògiri ara kòkòrò jẹ́ nígbà tí ó bá ń mọ ọ́n lọ́wọ́, ẹni tí kò bá sì mọ ògiri lọ́jọ́ náà, kò sí ohun tí oògùn yóò bàjẹ́ lára rẹ̀. Staphylococcus kò ní ìhámọ́ra bíi ti ẹ̀dá inú irú, síbẹ̀ ó mọ oorun sùn. Ní ọdún 2004 ni Nathalie Balaban àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi awò amúhuntóbi wo oríṣi kòkòrò mìíràn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé àwọn tí yóò yè ti ń tòògbé kí oògùn tó dé rárá: láàárín ọ̀pọ̀ tí ń jẹ tí ń mu, àwọn díẹ̀ a máa dùbúlẹ̀ de ọjọ́ tí wọn kò mọ̀. Ẹkùn tó ba, kì í ṣe ojo.

Kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan wa gbọ̀ngbọ̀n tó bí i ti ikọ́ ife. Koch ni ó kéde kòkòrò tí ń fà á, ní Berlin, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882. Ní ọdún 1943 ni wọ́n rí streptomycin ní Amẹ́ríkà, oògùn àkọ́kọ́ tí ó kápá rẹ̀, isoniazid sì tẹ̀ lé e ní 1952. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, Walsh McDermott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York tẹ ìwádìí kan jáde tí ó kó ìpayà bá àwọn dókítà: wọ́n fi oògùn tọ́jú eku tí ó ní ikọ́ ife títí wọn kò fi rí ẹyọ kòkòrò kan nínú ara wọn mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá oògùn dúró, tí oṣù díẹ̀ sì kọjá, àrùn náà tún yọjú lára púpọ̀ nínú wọn. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ènìyàn ayé ni kòkòrò yìí ti wọ ara wọn, tí èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì mọ̀, nítorí pé ṣe ni ó sùn sí wọn lára. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú ikọ́ ife fi ń gba oṣù 6: oògùn mẹ́rin papọ̀ fún oṣù 2, kí á fi pa èyí tí ó jí, oògùn méjì fún oṣù 4 sí i, kí á fi ṣọ́ èyí tí ó sùn títí tí yóò fi lajú.

Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ti ń ṣe? Aláìsàn a lo oògùn fún oṣù kan tàbí méjì, ikọ́ a dá, ẹran ara a padà bọ̀ sípò, òun náà a sì sọ pé ó ti parí. Ẹlòmíràn a lọ sí kẹ́míìsì, a ra hóró oògùn apakòkòrò mẹ́rin péré, a lo méjì, a fi méjì pamọ́ de àìsàn mìíràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ẹni tí ó dá oògùn dúró láìpé ọjọ́ ti fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ó sùn láti jí, láti bí sí i, àti láti bí ọmọ tí oògùn kò ní í ràn mọ́ ní tòótọ́ nígbà tí ó bá yá. Nígbà náà ni àìsàn tí ìbá tán ní oṣù 6 yóò di ohun tí yóò gba oògùn tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí yóò sì ran aya, ọmọ àti aládùúgbò.

Iṣẹ́ irú fúnra rẹ̀ ń rí ìpọ́njú tirẹ̀. Magí ti gba ipò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Igi irúgbá tí ó ń gba ọdún púpọ̀ kí ó tó so ni àwọn kan ń gé fún èédú ní ìgbèríko Kwara. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kò sì fẹ́ jókòó ti iná mọ́jú mọ́. Kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó parun. Kí àwọn àgbẹ̀ tí ó kù lẹ́yìn ìlú dá igi náà sí bí baba wọn ti ń dá a sí, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa sì máa bá àwọn ìyá oníṣẹ́ irú ṣiṣẹ́ pọ̀ ju bí wọ́n ti ń ṣe lọ, nítorí pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ilẹ̀ yìí pé ohun tí iná ti kọjá lórí rẹ̀ lè ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ikọ́ bá ń yọ yín lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife ní Nàìjíríà. Oògùn yòówù kí dókítà sì fún yín, ẹ lò ó gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, kí ẹ sì lò ó dé ọjọ́ tí ó dá, bí ara yín tilẹ̀ ti yá kí ọjọ́ náà tó pé.